Ìgbànú Funfun Aláró

Aṣọ tí a bá ti rì sínú aró lè ṣá, ó lè gbó, ó lè ya, ṣùgbọ́n kò ní padà di ohun tó jẹ́ tẹ́lẹ̀. Obìnrin tí ìtàn yìí dá lé lórí mọ èyí ju ẹnikẹ́ni lọ, nítorí ibẹ̀ ni oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀ ti ń wá. Ọdún mọ́kànlá ló ti ń fọ aṣọ aláṣọ, tó ń lọ̀ ọ́, tó sì ń pa èyí tó bá ti ṣá láró kí ojú má baà ti ẹni tó ni ín. Ìka ọwọ́ rẹ̀ kì í mọ́ tán. Aláró ni gbogbo àdúgbò ń pè é, débi pé bí wọ́n bá fi orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́ pè é, yóò kọ́kọ́ wẹ̀yìn wò bóyá ẹlòmíràn ni wọ́n ń bá wí.

Ọmọ ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni nígbà tí ọkùnrin kan wọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kan tí òjò ń rọ̀. Ọkùnrin náà tutù láti orí dé ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tó fi ìwé ìròyìn wé sábẹ́ apá rẹ̀ gbẹ táútáú. Ó gbé e sórí tábìlì bí ẹni gbé ẹyin.

"Ẹ káàsán o. Wọ́n ní ẹ mọ aró pa."

"Wọn ò purọ́. Kí lẹ gbé wá?"

Ìgbànú aláṣọ mẹ́ta ni, irú èyí tó gùn tó nípọn, tí àwọn tó ń kọ́ ìjàkadì máa ń so mọ́ ìdí. Ó fẹ́ kí ọ̀kan di àwọ̀ ìyeyè, kí èkejì di àwọ̀ ewé, kí ẹ̀kẹta tó ti jẹ́ búlúù tẹ́lẹ̀ di àwọ̀ kọfí.

"Kí ló dé tẹ́ ẹ ò kúkú ra tuntun?" ni Aláró bi í. "Owó iṣẹ́ mi fẹ́rẹ̀ẹ́ tó owó ìgbànú tuntun. Ṣé ẹ rí i pé mò ń lé oníbàárà lọ fúnra mi."

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Ní ilé ẹ̀kọ́ wa, ìgbànú kan ṣoṣo lèèyàn ń ní. Funfun la fi ń bẹ̀rẹ̀. Bó bá ṣe ń mọ̀ ọ́n sí i, la ó máa ri ìgbànú rẹ̀ sínú aró tó dúdú ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Bí ọ̀gá mi ṣe kọ́ mi nìyẹn. Ó ní ẹni tó bá ń ju ìgbànú nù yóò gbàgbé ibi tó ti ń bọ̀."

"Tó bá wá di dúdú ńkọ́?"

"Kò sí àwọ̀ tó tún kàn. Ó kù kó máa gbó."

Báyìí ni Aláró ṣe mọ Tíṣà. Olùkọ́ júdò ni, ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ sì wà nínú gbọ̀ngàn kan lókè ilé ìtẹ̀wé, níbi tí fóòmù bo ilẹ̀ láti ògiri dé ògiri, tí garawa kan sì jókòó sí igun kan títí láé nítorí pé òrùlé ń jò. Nígbà tí Aláró kó ìgbànú mẹ́ta náà lọ, ó bá èèyàn bíi mẹ́wàá tí wọ́n ń ṣubú. Wọn ò jà. Wọ́n kàn ń dìde, wọ́n ń ṣubú, gbàà, gbàà, bí ẹni ń ju àpò gaàrí sílẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, kí ni wọ́n ṣẹ̀ yín?" ló bi Tíṣà.

"Oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, ìṣubú nìkan ni mo ń kọ́ wọn. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n ṣubú, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni gbé e kúrò nílẹ̀." Ó yíjú sí ọkùnrin sísanra kan. "Wo ìgbànú rẹ! Má wo òkè! Bó o bá ń ṣubú sẹ́yìn, tí ojú rẹ wà lára kókó ìgbànú rẹ, orí rẹ ò ní lu ilẹ̀."

Aláró jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Ìṣẹ́jú márùn-ún ló ní òun yóò lò. Wákàtí kan àti ààbọ̀ ló lò.

Kò pẹ́ tó fi ṣàkíyèsí nǹkan kan. Tíṣà kì í kó ìgbànú wá pa pọ̀ mọ́. Bó bá ní mẹ́ta, á mú ọ̀kan wá lọ́jọ́ Ajé, ọ̀kan lọ́jọ́rú, ọ̀kan lọ́jọ́ Ẹtì. Aláró náà, tó lè fi ọjọ́ kan ṣe é tán, á ní kó padà wá lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rin. Oṣù mẹ́rin ni wọ́n fi tan ara wọn jẹ báyìí, kí wọ́n tó pa "ẹ" tì, tí wọ́n ń pe ara wọn ní "o". Lọ́jọ́ kan, Tíṣà dúró lẹ́nu ọ̀nà lọ́wọ́ òfo.

"Ìgbànú dà?" ni Aláró bi í.

"Kò sí. Gbogbo wọn ti ní àwọ̀ tó yẹ wọ́n."

"Kí lo wá ṣe nígbà náà?"

"Mo wá ríran," ni Tíṣà wí, ó sì ń wo ilẹ̀.

Áyọ́ọ̀nù tó wà lọ́wọ́ Aláró ló sun kọ́là ẹ̀wù amòfin kan, ó sì san owó rẹ̀.

* * *

Bàbá Aláró jẹ́ káfíńtà. Ọdún mẹ́fà ṣáájú àkókò yìí ló já láti orí òrùlé ilé kan tó ń kàn, ìbàdí rẹ̀ sì dá. Ọ̀pá ló fi ń rìn, ṣùgbọ́n ó ṣì ń jókòó ti tábìlì iṣẹ́ rẹ̀ lẹ́yìnkùlé láràárọ̀, ó ń fá igi. Àbúrò rẹ̀ obìnrin, tí gbogbo ẹbí ń pè ní Àǹtí Nọ́ọ̀sì nítorí pé ogójì ọdún ló fi tọ́jú aláìsàn kó tó fẹ̀yìn tì, ló gbà láti ṣe alárinà.

"Iṣẹ́ wo lọkùnrin náà ń ṣe?" ni Bàbá béèrè.

"Júdò ló ń kọ́ èèyàn, Ẹ̀gbọ́n mi," ni Àǹtí Nọ́ọ̀sì dáhùn.

"Iṣẹ́ ni mo béèrè, mi ò béèrè eré."

"Iṣẹ́ ni. Èèyàn ń sanwó fún un."

"Kó lè gbé wọn ṣubú? Èmi tí mo já láti orí òrùlé lọ́fẹ̀ẹ́ ńkọ́, ta ni kí n lọ gbowó lọ́wọ́ rẹ̀?"

Àǹtí Nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín títí omijé fi bọ́. Bàbá ò rẹ́rìn-ín. Nígbà tí Tíṣà fúnra rẹ̀ wá, tó wọ ṣẹ́ẹ̀tì tí Aláró lọ̀ fún un, Bàbá ò fọ̀rọ̀ falẹ̀.

"Èèyàn mélòó ló ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ?"

"Mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n, Bàbá."

"Bó o bá ti san owó ilé, kí ló ń kù?"

"Nígbà míì, ó máa ń ku díẹ̀."

"Nígbà míì ńkọ́?"

"Nígbà míì, mo máa ń bá àwọn atẹ̀wé ìsàlẹ̀ ru páálí ìwé lówùúrọ̀, kí owó ilé lè pé."

Aláró ò mọ èyí rí. Ó rántí gbogbo àárọ̀ tí Tíṣà ti wá sí ṣọ́ọ̀bù tó ń fọwọ́ pa ẹ̀yìn ara rẹ̀, tí òun sì ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé àgbà ti dé. Ojú tì í. Ìyẹn sì ni ìtìjú tó kéré jù nínú ìtàn yìí.

"Gbọ́, ọmọ mi," ni Bàbá wí, ohùn rẹ̀ ò le. "Mi ò kọ̀ ọ́ o. Ebi ni mo kọ̀. Jẹ́ kí ilé ẹ̀kọ́ yẹn bọ́ ara rẹ̀ fún oṣù mẹ́fà léraléra láìsí pé o ru páálí. Lọ́jọ́ tó bá pé, padà wá."

Lọ́sẹ̀ yẹn, Aláró lọ jókòó sí gbọ̀ngàn lẹ́yìn tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti lọ tán ní ìrọ̀lẹ́. Òjò ń kán sínú garawa. Ó ti ro ọ̀rọ̀ náà dáadáa, ó sì dá a lójú pé ọgbọ́n ni.

"Ọdún mélòó lèèyàn fi ń ti funfun dé búlúù?"

"Mẹ́ta. Ẹlòmíràn, mẹ́rin."

"Ìdí tí wọ́n fi ń sá lọ nìyẹn. Ta ló máa fi odidi ọdún kan wo ìgbànú funfun nídìí ara rẹ̀? Máa dán wọn wò ní oṣù mẹ́ta-mẹ́ta. Kí wọ́n san owó ìdánwò, kí wọ́n san owó aró. Èyí tó bá ti ní àwọ̀ á lọ fi han ọ̀rẹ́ rẹ̀, ọ̀rẹ́ náà á wá. Sì dín ìṣubú yẹn kù, ọ̀sẹ̀ méjì tó. Ìṣubú ń sú èèyàn."

Tíṣà mi orí. "Aró á wà lára ìgbànú, kò ní sí nǹkan kan lára ẹni tó so ó."

"Ta ló máa mọ̀?"

"Èmi."

Inú bí Aláró, ó sì sọ ọ̀rọ̀ tí yóò máa gbọ́ létí ara rẹ̀ fún ọjọ́ pípẹ́. "Tíṣà, ọdún yìí ni mo pé méjìlélọ́gbọ̀n. Èwo lo fẹ́ gbé níyàwó nínú èmi àti ìgbànú?"

Tíṣà wo kókó ìgbànú dúdú tó wà nídìí rẹ̀, ó wò ó pẹ́. Lọ́jọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, ó kó ìgbànú mọ́kàndínlógún wá sínú àpò ike. Kò fi ìwé ìròyìn wé wọn. Ó jù wọ́n sórí tábìlì, ó ní, "Bó o ṣe sọ," ó sì jáde.

* * *

Ọgbọ́n náà ṣiṣẹ́. Ẹ má jẹ́ ká purọ́, ó ṣiṣẹ́ dáadáa. Kó tó di oṣù kẹfà, akẹ́kọ̀ọ́ ti di mẹ́rìnlélọ́gọ́ta. Wọ́n tún òrùlé ṣe, wọ́n gbé garawa kúrò nílẹ̀, wọ́n so gílóòbù tuntun mẹ́jọ. Tíṣà ò ru páálí mọ́. Bàbá fi ọ̀pá rẹ̀ gun àtẹ̀gùn lọ wo gbọ̀ngàn náà, ó yẹ ilẹ̀kùn wò, ó yẹ fèrèsé wò, ó ní, "Ó dáa." Ẹni tó bá mọ Bàbá á mọ̀ pé ẹnu rẹ̀ ò tíì ju bẹ́ẹ̀ lọ rí. Wọ́n mú ọjọ́ tí ẹbí méjèèjì yóò jókòó pọ̀.

Ṣùgbọ́n Tíṣà ò wá ríran sí ṣọ́ọ̀bù mọ́ bí ti tẹ́lẹ̀. Bó bá wá, ó ń wo àwọn ìgbànú tó wà lórí okùn, tí omi ń kán lára wọn, bí ẹni ń wo aṣọ olóògbé. Aláró ní á tán lára rẹ̀. Ó ní ìgbéyàwó á wò ó sàn.

Ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú ọjọ́ ẹbí ni ìdíje wáyé láàárín ilé ẹ̀kọ́ mẹ́rin. Àwọ̀ ìgbànú ni wọ́n fi ń so èèyàn méjì pọ̀: búlúù pẹ̀lú búlúù, ewé pẹ̀lú ewé. Aláró jókòó ti Bàbá rẹ̀, tó wá wo iṣẹ́ àna rẹ̀. Wọ́n pe akẹ́kọ̀ọ́ Tíṣà kan, ọmọ oníkẹ́mísì tó ń ta oògùn ládùúgbò, ọmọbìnrin ọdún mẹ́tàdínlógún, tí ìgbànú rẹ̀ jẹ́ búlúù. Aláró mọ búlúù náà. Ẹ̀ẹ̀mejì ló rì í kó tó mú.

Ọmọbìnrin tó dojú kọ ọ́ ti lo ọdún márùn-ún. Kò fi ibi ṣe é. Ó kàn gbé e bí èèyàn ṣe ń gbé ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣubú. Ọmọ oníkẹ́mísì ò wo ìgbànú rẹ̀. Ó na ọwọ́ sílẹ̀ láti di ilẹ̀ mú. Ohùn tó jáde kò ju ti igi wẹ́wẹ́ tí a dá lọ, ṣùgbọ́n gbogbo gbọ̀ngàn ló gbọ́ ọ. Eegun èjìká rẹ̀ dá.

Olùkọ́ àgbà ilé ẹ̀kọ́ kejì kúnlẹ̀ tì í. Bó ṣe ń tú ìgbànú ọmọ náà kó lè mí dáadáa, ó rí etí ìgbànú náà níbi tó ti ṣí: ewé wà lábẹ́ búlúù, ìyeyè wà lábẹ́ ewé, gbogbo wọn ṣì ń dán bí ohun àná.

"Ọmọ mi, o ti tó ọdún mélòó nínú iṣẹ́ yìí?"

"Oṣù mẹ́sàn-án, sà," ni ọmọ náà fi ẹkún dáhùn.

Ọkùnrin àgbà náà gbójú sókè wo Tíṣà. Aláró rí i bí Tíṣà ṣe gba ìwò náà sójú, tí kò sì yẹ̀ ẹ́.

Lọ́jọ́ Ajé, àwọn òbí kún gbọ̀ngàn. Oníkẹ́mísì ló kọ́kọ́ dìde. Kò pariwo.

"Oògùn ni mò ń tà. Bí mo bá lẹ bébà oògùn mọ́ ìgò omi lásán, ẹ̀wọ̀n ni. Mo fẹ́ kí Tíṣà sọ fún mi: kí lẹ lẹ̀ mọ́ ọmọ mi nídìí?"

Tíṣà dúró níwájú wọn, ọwọ́ lẹ́yìn. Kí ó tó lanu, ọ̀pá Bàbá ti kan ilẹ̀.

"Ìbéèrè tèmi kúrú," ni Bàbá wí. "O sọ fún mi lẹ́ẹ̀kan pé ọdún kan lèèyàn fi ń so funfun. Ta ló gbà ọ́ nímọ̀ràn?"

Aláró jókòó sórí bẹ́ǹṣì kẹta. Ó wo ìka ọwọ́ rẹ̀, búlúù wà lábẹ́ èékánná rẹ̀, ó sì ki ọwọ́ náà bọ abẹ́ ìborùn. Ó wí fún ara rẹ̀ pé, bí ẹnikẹ́ni bá bi òun, òun yóò sọ. Kò sẹ́ni tó bi í.

Tíṣà wo kókó ìgbànú rẹ̀. "Èmi fúnra mi ni, Bàbá. Owó ló wọ̀ mí lójú."

Wọ́n hó lé e lórí. Ẹnì kan pè é ní gbájúẹ̀. Ìyá kan bọ́ ìgbànú ọmọ rẹ̀, ó jù ú sí i láyà. Tíṣà ò gbé ojú sókè wo bẹ́ǹṣì kẹta, kò ṣèèṣì wò ó lẹ́ẹ̀kan.

Bí wọ́n ṣe ń lọ sílé, Bàbá dúró láàárín ọ̀nà kó lè sinmi lórí ọ̀pá rẹ̀.

"Ìgbéyàwó yẹn ò sí mọ́. Mo lè fọmọ fún olóṣì, ṣùgbọ́n mi ò lè fọmọ fún ẹlẹ́tàn. Mo ti yọ ọ́ kúrò nínú rẹ̀."

"Ẹ ṣeun, Bàbá," ni Aláró wí.

Ẹ ṣeun. Bó ṣe wí nìyẹn. Nínú gbogbo ohun tó ṣe àti èyí tí kò ṣe, ọ̀rọ̀ méjì yìí ló máa ń jí i láti ojú oorun.

* * *

Ọ̀sẹ̀ méje kọjá. Tíṣà ò wá, Aláró ò lọ. Àwọn oníbàárà ń sọ pé ilé ẹ̀kọ́ náà ti ń dà, pé èèyàn mọ́kànlá ló kù, pé wọ́n tún ti rí Tíṣà tó ń ru páálí. Aláró ń lọ aṣọ, kì í dá sí i. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Àǹtí Nọ́ọ̀sì wọlé, ó gbé nǹkan tó fi ìwé ìròyìn wé sórí tábìlì.

"Ọkùnrin rẹ ló fi rán mi. Ó ní kó o bá òun bó aró kúrò lára rẹ̀. Owó iṣẹ́ rẹ rèé."

Ìgbànú dúdú Tíṣà ni. Aláró wo owó náà tí kò ní àléébù, tí ó pé, bí oníbàárà lásán ṣe ń san án. Ohun tó gún un lọ́kàn jù nìyẹn.

"Kò ránṣẹ́ míì?"

"Kò ránṣẹ́ míì. Mo bi í léèrè ọ̀rọ̀, ó ní kí n jọ̀ọ́ kí n má bi òun." Àǹtí Nọ́ọ̀sì fa àga, ó jókòó. "Ọmọ mi, mo pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Mo mọ ojú ẹni tí nǹkan ń dùn, mo sì mọ ojú ẹni tó ń bá ẹlòmíràn gbé ẹrù pa mọ́. Ta lọkùnrin yẹn ń dáàbò bò?"

Aláró sọ gbogbo rẹ̀. Ó sọ nípa garawa, ó sọ nípa "ta ló máa mọ̀", ó sọ "ẹ ṣeun" tó wí lójú ọ̀nà. Àǹtí Nọ́ọ̀sì ò gbá a létí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Aláró ń retí rẹ̀, tó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ máa fẹ́ bẹ́ẹ̀.

"Háà," ni Àǹtí wí níkẹyìn. "Èmi alárinà tí mò ń sáré kiri lórí eékún tó ń dùn mí. Ẹ ti fi mí ṣe ìyá aṣiwèrè. Ṣùgbọ́n èmi kọ́ ló yẹ kó o sọ fún."

Ọjọ́ mẹ́ta ni Aláró fi rẹ ìgbànú náà sínú omi bílíìṣì. Dúdú kọ́kọ́ lọ, kọfí lọ, búlúù lọ díẹ̀díẹ̀. Ọdún mọ́kàndínlógún ayé Tíṣà ló ń tú sínú omi níṣojú rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò funfun. Ó dúró sí àwọ̀ tíì tí kò ní mílíìkì, ó sì ṣe tótòtó kiri, etí rẹ̀ méjèèjì sì di jákujàku.

Ó mú un lọ́wọ́ lọ bá Bàbá rẹ̀ lẹ́yìnkùlé.

"Bàbá, ẹ bi Tíṣà lọ́jọ́ ìpàdé pé ta ló gbà á nímọ̀ràn. Èmi ni. Ó fẹ́ kọ̀, mo sì fi ara mi dè é lọ́wọ́. Nígbà tẹ́ ẹ bi í, mo wà níbẹ̀, mo dákẹ́."

Bàbá ń fá ẹsẹ̀ àga kan. Kò dúró. Ìfági ń lọ, ó ń bọ̀, títí Aláró fi rò pé kò gbọ́.

"Ọmọ iṣẹ́ mi kan wà," ni Bàbá wí nígbà tó yá, "ọdún méje ló lò. Ìyá rẹ̀ wá ń sunkún níbí pé kí n dá a sílẹ̀. Mi ò dá a, nítorí àga tó ń kàn ṣì ń mì. Ọgbọ̀n ọdún ni mo ti ń fi ìyẹn yangàn. Ìgbà tó wá kan ọmọ ọlọ́mọ, mo sọ fún un pé oṣù mẹ́fà." Ó gbé ìfági sílẹ̀. Ojú rẹ̀ ò kúrò lára igi. "Ojú ń ti èmi náà. Ṣùgbọ́n tìrẹ nìkan ni tìrẹ. Ibi tó ti bá ọ gbé e rù, ibẹ̀ ni kó o ti lọ gbà á sọ́rùn ara rẹ."

Wọ́n ní ikú yá ju ẹ̀sín lọ. Aláró rí i lọ́jọ́ náà pé ẹni tó bá rìn wọ inú ẹ̀sín pẹ̀lú ẹsẹ̀ ara rẹ̀ kì í kú, ó kàn dà bíi pé yóò kú. Ó lọ sí ṣọ́ọ̀bù oníkẹ́mísì. Èèyàn mẹ́ta ló wà lórí ìlà, kò sì ní kí wọ́n jáde. Ó sọ ọ́ níwájú wọn.

"Kí lẹ fẹ́ kí n fi ọ̀rọ̀ yìí ṣe?" ni oníkẹ́mísì bi í.

"Ẹ má fi ṣe nǹkan kan, sà. Kí ẹ kàn mọ̀ pé kì í ṣe owó ló wọ Tíṣà lójú. Èmi ni."

Ọmọbìnrin rẹ̀ jókòó lẹ́yìn káńtà, apá rẹ̀ ṣì wà nínú aṣọ tí wọ́n fi gbé e kọ́rùn. Ó ń wo ohun tí Aláró dì mọ́wọ́.

"Àǹtí, ìgbànú ta nìyẹn?"

"Ti Tíṣà ni. Ó ní kí n bó o."

"Ṣé ẹ lè bó tèmi náà?"

"Kò ní funfun mọ́ o."

"Mo rí i," ni ọmọ náà wí.

Tíṣà ń gbálẹ̀ nígbà tí Aláró dé gbọ̀ngàn. Ó gba ìgbànú náà, ó yẹ̀ ẹ́ wò lójú fèrèsé, ó so ó. Ó so ó dáadáa bíi pé ó ṣì dúdú.

"Mo ti sọ fún Bàbá," ni Aláró wí. "Mo ti sọ fún oníkẹ́mísì. Lọ́la, màá sọ fún àwọn òbí yòókù. Kí ló dé tó o fi gbà á rù?"

"Ìwọ lo pa aró. Ọwọ́ mi ló so ó mọ́ wọn nídìí. Mo sì mọ̀."

"Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Bàbá mi lọ́jọ́ náà. Ó ní òun ti yọ mí, mo ní ẹ ṣeun."

Èyí ni Tíṣà ò mọ̀. Aláró rí i bó ṣe wọ̀ ọ́ lára. Ọkùnrin náà jókòó sórí fóòmù.

"Ìyẹn dùn mí," ló wí.

"Mo mọ̀."

"Jókòó," ni Tíṣà wí. Aláró jókòó. Wọn ò fọwọ́ kan ara wọn. Wọ́n jókòó bẹ́ẹ̀ títí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mọ́kànlá náà fi bẹ̀rẹ̀ sí í gun àtẹ̀gùn bọ̀.

* * *

Àǹtí Nọ́ọ̀sì ló wá rí ohun tí wọn ò rí. Ó wá bá wọn ní gbọ̀ngàn láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó wo fóòmù tó lọ salalu láìsí ẹnikẹ́ni lórí rẹ̀.

"Láti àárọ̀ títí di aago mẹ́rin, òfìfo ni ibí máa ń wà?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Ẹ sì ń san owó ilé rẹ̀ o! Ẹ gbọ́, ìdajì àwọn arúgbó tí mo tọ́jú, ìṣubú ló gbé wọn dé ọ̀dọ̀ mi. Ẹlòmíràn yọ̀ ní balùwẹ̀, ó di ẹni à ń gbé. Ẹ lè kọ́ ọmọdé ní ìṣubú, ẹ ò lè kọ́ àgbà?"

Tíṣà bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú arúgbó mẹ́rin. Kò sí ìgbànú, kò sí ìdánwò, kò sí àwọ̀. Ìṣubú nìkan ni, díẹ̀díẹ̀, láti orí ìjókòó, láti orí eékún, pẹ̀lú fóòmù méjì-méjì. Nígbà tí oṣù márùn-ún fi pé, wọ́n ti di méjìdínlógójì, àwọn ọmọ wọn ló sì ń sanwó fún wọn tayọ̀tayọ̀. Àwọn atẹ̀wé ìsàlẹ̀ wá ẹlòmíràn tí yóò máa ru páálí wọn. Ọmọ oníkẹ́mísì ti padà, ìgbànú rẹ̀ ní àwọ̀ omi ìrẹsì, ó ń ṣubú láti ìbẹ̀rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́tàlélógún ló mú ìgbànú wá bó. Àwọn tó kù ò padà wá, bí wọ́n bá sì rí Aláró lójú ọ̀nà, wọ́n ń gba òdìkejì.

Lọ́jọ́bọ̀ kan, wọ́n gbọ́ ọ̀pá lórí àtẹ̀gùn. Bàbá wọlé, ó ń mí hẹlẹ. Kò kí ẹnikẹ́ni. Ó fún Àǹtí Nọ́ọ̀sì ní ọ̀pá rẹ̀, ó ní, "Mo já lọ́fẹ̀ẹ́ lẹ́ẹ̀kan. Mo fẹ́ mọ bí ti olówó ṣe ń rí."

Tíṣà tẹ́ fóòmù mẹ́ta léra. Ó mú Bàbá jókòó sí etí rẹ̀, ó wé aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ kan mọ́ ìbàdí tó ti dá rí náà, ó so ó ní kókó, ó fi ọwọ́ gbá a lẹ́yìn mú.

"Wọ́n ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú," ni Bàbá wí. "Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Èwo ni kí n wò nínú méjèèjì?"

"Ẹ má wo ìkankan, Bàbá. Ẹ wo kókó ìgbànú yín."

Bàbá wo kókó náà. Lẹ́yìn náà ó wo èyí tó wà nídìí Tíṣà, tó ní àwọ̀ tíì, tó ṣe tótòtó, tó ti ya létí. Ó wò ó pẹ́. Ó tún gbé ojú padà sí tara rẹ̀, ó sì jẹ́ kí ara òun lọ.

Gbàà.

Bàbá dùbúlẹ̀, ó ń wo òrùlé tí wọ́n fi owó aró tún ṣe.

"Kò dùn mí," ló wí, bí ẹni tí ẹnu yà. Ó yíjú sí àbúrò rẹ̀. "Nọ́ọ̀sì, lọ sọ fún ẹbí ọkùnrin yìí kí wọ́n mú ọjọ́ míì. Ìwọ náà, Tíṣà, gbé mi dìde ká tún un ṣe."

Wọ́n fẹ́ ara wọn kí ọdún náà tó parí, wẹ́rẹ́, láìpariwo. Lọ́jọ́ kejì ìgbéyàwó, Aláró gun àtẹ̀gùn gbọ̀ngàn náà gẹ́gẹ́ bí akẹ́kọ̀ọ́, ó san owó rẹ̀ bí gbogbo èèyàn, Tíṣà sì so ìgbànú funfun kan mọ́ ọn nídìí. Ọdún méjì àti oṣù mẹ́ta ti kọjá báyìí. Aró wà nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ìyeyè, ewé, búlúù, kọfí, dúdú, ó kún inú ike títí dé ẹnu. Ìrọ̀lẹ́ Ajé sí Ẹtì, ó ń ṣubú, ó ń dìde. Ó ń fi ọṣẹ fọ ìgbànú náà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ tí kì í mọ́ tán, ó sì ń ṣọ́ra gidigidi kí àwọ̀ kankan má kàn án. Tíṣà ò tíì ní kó pa á láró. Òun náà ò sì tíì béèrè.